Orin Mẹ́rin láti Ẹ̀bútẹ́ Addo

"Igi ẹ̀gbà mẹ́rìndínláàádọ́rin," Victor wí, "ló dúró sábẹ́ bíríìjì Ajah báyìí. Bóyá mọ́tò ni wọ́n ń dúró dè."

Azeezat kò rẹ́rìn-ín. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú, ó sún àga rẹ̀ mọ́ ti Victor, ó sì wo àwòrán ilẹ̀ tó wà lójú kọ̀ǹpútà. Òótọ́ ni. Àwọn àmì pupa ti ṣù jọ sójú kan ṣoṣo, níbi tí títì ti yà sí Addo, níbi tí ohunkóhun kò lè hù láàárín ìsọ̀ àti agbèrò. Ó tẹ àmì náà. Igi ẹ̀gbà etí ọ̀sà, ojú oró, oṣíbàtà, ìtàkùn etí omi: gbogbo rẹ̀ jẹ́ ewéko igba ó lé mẹ́rìnlá. Nísàlẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni wọ́n kọ ọ́ sí pé: A ti yẹ̀ ẹ́ wò. Azeezat.

Oṣù keje rèé tí àwọn méjèèjì ti wà nínú yàrá òkè kan ní Lẹ́kkí Phase 1, tí wọ́n ń kó àwọn ewéko gbígbẹ sínú kọ̀ǹpútà kí àwọn oníwádìí ibi gbogbo lè rí wọn. Victor á ṣí bébà, á rọra fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn eruku rẹ̀, á ya fọ́tò. Azeezat á ka ohun tí ẹni tó já ewéko náà kọ sí igun bébà, á sì tẹ̀ ẹ́ sínú àwọn àyè tí wọ́n là sílẹ̀: orúkọ, ọjọ́, ìlú, ẹni tó já a. Ọ̀rọ̀ tí kò bá rí àyè bọ́ sí, ìsàlẹ̀ pátápátá ló ń lọ, níbi tí wọ́n pè ní "Àlàyé mìíràn". Kò sẹ́ni tó ń kà á. Òórùn káńfọ̀ ti wọ Azeezat lára débi pé àbúrò rẹ̀ máa ń bi í bóyá inú àpótí aṣọ ló ti ń ṣiṣẹ́.

Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn bébà náà jẹ́ ti Bàbá Ọdúnjọ, ẹ̀ṣọ́ igbó kan tó ti kú láti ọdún méjìlá, tó fi ọgbọ̀n ọdún já ewéko etí ọ̀sà fún àwọn olùkọ́ yunifásítì. Ìwé rẹ̀ mọ́, ó ṣeé kà. Ohun kan ló máa ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín nínú rẹ̀. "Ajah. Ẹ̀bútẹ́ Addo, orin mẹ́rin, apá òsì." "Ajah. Ẹ̀bútẹ́ Addo, orin méje." Láti ọjọ́ kìíní ni Victor ti sọ pé aláṣọ funfun paraku ni bàbá náà, iye orin tí ẹ̀mí fún un lójú ọ̀nà ló ń kọ sílẹ̀. Azeezat gbà bẹ́ẹ̀. Ó tẹ "Ajah" síbi ìlú, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ fi àmì sí àárín Ajah, ó ju orin sínú Àlàyé mìíràn, ó sì fọwọ́ sí i. Igba ìgbà ó lé mẹ́rìnlá.

Dókítà Ọládayọ̀, ọ̀gá wọn, wọlé pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́. Ó wo ojú kọ̀ǹpútà láti ẹ̀yìn wọn.

"Mo ti rí i," ó wí. "Ẹ sún un sínú omi, kí ẹ fa róbótó ńlá yí i ká. Ó parí."

Róbótó náà ni wọ́n fi ń sọ bí àmì kan ṣe lè ṣìnà tó. Bí ibi tí wọ́n ti já ewéko kò bá dáni lójú, róbótó á tóbi.

"Báwo ló ṣe máa tóbi tó, sà?" Azeezat béèrè.

"Kìlómítà mẹ́wàá. Irọ́ kọ́ nìyẹn."

"Àmọ́ àwọn tó fẹ́ lọ wá ewéko náà lójú omi ò ní í lọ síbẹ̀, sà. Àwọn ará yunifásítì ní ohun tó bá ju kìlómítà kan lọ, àwọn ò ní í gbé ọkọ̀ débẹ̀."

"Ọjọ́ méjì péré ni wọ́n fi ní ọkọ̀. Wọ́n á lọ síbòmíràn."

"Àwọn tó ń da yanrìn sọ́sà á ti dí Addo pa kí wọ́n tó padà wá."

Dókítà yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó fi ìka tẹ ìdí imú. Ó ti rẹ òun náà. "Azeezat, ọ̀la ni Ọjọ́bọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa gba àwòrán ilẹ̀ yìí. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá pé iye ni wọ́n máa mú fún ìpele kejì. Tìrẹ ti pé. Má fọwọ́ ara rẹ tú u."

Ó jáde. Victor fa róbótó kan láti fi dán an wò. Ó bo Addo, ó bo Badore, ó gba orí ọ̀sà kọjá, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òkun lápá kejì.

"Ó kù díẹ̀ kó gbé àwa náà mì," ó wí.

Ní Ọjọ́bọ, Azeezat wo ìwé tí ìdílé Ọdúnjọ fi fi ewéko náà tọrẹ, ó da orúkọ ìyàwó bàbá náà àti àdírẹ́sì ibẹ̀ kọ, ó sì wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Addo lásìkò oúnjẹ ọ̀sán. Ìsọ̀ aránṣọ ló bá níbẹ̀. Sùtánà funfun kún ara ògiri. Ìyá arúgbó kan jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ ẹlẹ́sẹ̀, kò wọ bàtà.

"Ẹ káàsán, mà. Ṣé ẹ̀yin ni Ìyá Tolúwani?"

"Èmi ni. Bó bá jẹ́ ti ìkórè ni, mi ò gba aṣọ mọ́ o."

"Rárá, mà. Ọ̀rọ̀ ewé Bàbá ni."

Ìyá kò dá ẹsẹ̀ dúró. "Ikán ò tíì jẹ ẹ́ tán?"

"Kò sí ohun tó ṣe é, mà."

"Ẹ kú iṣẹ́. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń sùn ti ewé gbígbẹ. Àwọn èèyàn ń bi mí pé ṣé agbo ni ọkọ mi ń tà."

Azeezat gbé fóònù sún mọ́ ọn, ó mú kí fọ́tò bébà kan tóbi. "Orin tí Bàbá kọ síbí, mà, orin wo ni?"

Ìyá wò ó títí. Ẹ̀rọ dákẹ́.

"Orin mi ni," ó wí. "Bàbá ò mọ ọkọ̀ wà. Ará Ìsẹ́yìn ni, omi tó mu wọ́n dé orúnkún ń bà wọ́n lẹ́rù. Èmi lọmọ Ìlàjẹ, èmi ni mo ń wà wọ́n kiri. Aago kan ṣoṣo tí wọ́n ní, omi iyọ̀ bà á jẹ́. Wọ́n wá ń ráhùn pé báwo làwọn ṣe máa mọ bí a ṣe jìnnà tó. Mo ní, orin kan náà ni mo fi ń wa ọkọ̀, ẹsẹ mẹ́fà. Ẹ máa kà á. Bí mo bá ti parí ẹ, wọ́n á fa ìlà kan sínú ìwé."

"Bí afẹ́fẹ́ bá wá dojú kọ yín ńkọ́, mà?"

"Orin kì í yá ju àjẹ̀ lọ. Bí ọwọ́ bá falẹ̀, ẹnu á falẹ̀."

Azeezat bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ orin náà, ó sì tan aago fóònù rẹ̀. Ìyá bẹ̀rẹ̀, ó sì dánu dúró ní ẹsẹ kejì.

"Irọ́ ni mò ń pa fún ẹ. Ọwọ́ mi ò ṣe nǹkan kan."

Ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹ̀rọ, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, orin náà wúwo, ó ń lọ síwájú, ó ń sinmi, ó tún ń lọ. Ní ẹsẹ kẹrin, èémí rẹ̀ já. Ó wo aṣọ tó wà lábẹ́ abẹ́rẹ́: ó ti rán ẹnu apá sùtánà náà pa.

"Mo ti pé ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin," ó wí. "Èémí mi ò gbé e mọ́, ọmọ mi."

Azeezat pa aago. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí àwọn fọ́tò yòókù, kì í ṣe pé ó ní ìrètí kan, ọwọ́ rẹ̀ kàn mọ iṣẹ́ náà ni. Ó dé orí oṣíbàtà kan. "Láti Ẹ̀bútẹ́ Addo dé Ẹ̀bútẹ́ Badore, orin mẹ́sàn-án."

"Ẹ̀bútẹ́ Badore yìí, mà, ṣé ibi tó wà nígbà yẹn náà ló wà?"

"Ẹ̀bútẹ́ ń rìn ni?"

Ó wọn ọ̀nà omi náà lórí fóònù. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà mẹ́rin àtààbọ̀. Ó pín in sí mẹ́sàn-án. Orin kan, ìdajì kìlómítà. Ó tún un pín, bí ẹni tó ń retí pé iye náà á yí padà.

"Ibi orin mẹ́rin, apá òsì?" ó béèrè.

"Ìdí ẹ̀gbà tó ní ìtàkùn. Ibẹ̀ la ti máa ń jẹun. Wọn ò tíì da yanrìn débẹ̀, mo gba ibẹ̀ kọjá nígbà Àjíǹde." Ìyá mú abẹ, ó ń tú apá sùtánà náà. "Kí ló dé tẹ́ ẹ ò wá béèrè látọjọ́ yìí?"

"A rò pé Bàbá ń ṣeré ni, mà."

"Ta ní í kọ eré sínú ìwé iṣẹ́?"

Lẹ́nu ọ̀nà ìsọ̀, Azeezat pe Dókítà Ọládayọ̀. Ó sọ gbogbo rẹ̀.

"O ti fọwọ́ sí wọn," Dókítà wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Mo fẹ́ mú ọwọ́ mi kúrò."

"Iye tí o bá tún ṣe kí aago méjìlá ọ̀la tó lù ni wọ́n máa gbà. Ìyókù ò ní í sí nínú iye rẹ. Mi ò ní í lè gbèjà rẹ níwájú wọn o."

"Mo gbọ́, sà."

Ní aago méje àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó ti wà lórí àga. Ẹ̀yìn ń ro ó. Ó ṣí bébà ẹ̀gbà àkọ́kọ́, ti orin mẹ́rin, ó tẹ orúkọ ara rẹ̀ láti pa á rẹ́. Ẹ̀rọ kò gbà. Àyè kan yọ tí kò rí rí, tó ń béèrè ìdí tó fi fẹ́ yí i padà.

"Tẹ ẹyọ kan, kí n dà á kọ sí ìyókù," Victor wí láti ẹ̀yìn. Ó ti fa àga tirẹ̀ wá. "Ìdí kan náà ṣá ni gbogbo rẹ̀."

Azeezat gbé ọwọ́ lé bọ́tìnnì. Ó ronú nípa "àṣìṣe kékeré", ó ronú nípa "àtúnṣe". Lẹ́yìn náà ó kọ ọ́ pé: Mi ò béèrè lọ́wọ́ ẹni tó wa ọkọ̀.

Orúkọ rẹ̀ parẹ́. Ó fi róbótó kékeré kan sójú omi, ìwọ̀n orin kan péré, ó sì tẹ̀ ẹ́ wọlé. Àmì pupa kan ṣí kúrò ní Ajah.

Victor fara balẹ̀ wò ó.

"Ó ku ẹ̀gbà márùndínláàádọ́rin lábẹ́ bíríìjì," ó wí, ó sì fa bébà kejì wá.