Ẹrù Tí A Gbé Kọ́ Duilio Lọ́rùn

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí àwọn àlejò láti ọ̀dọ̀ àjọ tó yá wa lówó fẹ́ wá wo ilé ìfọṣọ wa, Duilio kò wá síbi iṣẹ́.

Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lè ní, kí ló wá burú níbẹ̀, ta ni kì í pẹ́? Ṣùgbọ́n Duilio kì í pẹ́. Òun ló máa ń ṣílẹ̀kùn. Bí mo bá dé, yóò ti tan àwọn ẹ̀rọ, yóò ti ya aṣọ ibùsùn àwọn òtẹ́ẹ̀lì sọ́tọ̀ kúrò lára ti ilé ìwòsàn, yóò sì ti gbé kọfí mi kaná. Lọ́jọ́ yẹn, títì ni ilẹ̀kùn wà. Atẹ́gùn Bora ń gbá a lábàrá, ó ń súfèé lábẹ́ rẹ̀.

Nives lorúkọ mi; Sióra Nives ni wọ́n ń pè mí, nítorí bẹ́ẹ̀ la ṣe ń fi ọ̀wọ̀ pe obìnrin níbí. Aṣọ ni mo ń lọ̀. Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọ̀dọ́bìnrin, orí òkè San Giovanni ni wọ́n tì mí mọ́ pẹ̀lú àwọn alárùn ọpọlọ yòókù, nígbà tí odi ṣì yí ibẹ̀ ká. Nígbà tí wọ́n ṣí ibẹ̀ sílẹ̀, àwa kan tí a jáde wá da owó jọ, a dá ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ sílẹ̀. A ń fọṣọ, a ń gbowó iṣẹ́ wa, olúkúlùkù sì ní ohùn kan nínú ìpàdé. Títí dòní, bí àwọn dókítà bá ní ẹni tí ara rẹ̀ ń padà bọ̀ sípò, wọ́n á ní kí ó wá sọ́dọ̀ wa. Bẹ́ẹ̀ ni Duilio ṣe dé. Ìbẹ̀rù ni àìsàn tirẹ̀. Yóò dára bí ọdún méjì, ìbẹ̀rù náà á tún dé bí òjò tí kò ṣú.

Àwọn ẹ̀rọ wa ti gbó. Báńkì gbọ́ irú àwọn tí a jẹ́, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n sì sìn wá dé ẹnu ọ̀nà. Ìgbà náà ni àjọ kan dìde, tó jẹ́ owó ìjọba àti owó àwọn olówó kan ló pa pọ̀, tí wọ́n ń fi í gbé irú ẹgbẹ́ tiwa dìde. Wọ́n yá wa lówó, a ra ẹ̀rọ tuntun. Àdéhùn wọn ni pé bí gbogbo àwọn tí a gbà láti ọ̀dọ̀ àwọn dókítà bá ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ títí ọdún fi parí, wọn yóò fi ìdajì gbèsè náà jì wá. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá kúrò láàárín wọn, kò sí ìdáríjì kankan, gbogbo rẹ̀ la ó san, kíákíá sì ni. A pàtẹ́wọ́ lọ́jọ́ tí a fọwọ́ sí i. Ó dún bí ohun tó dára létí: owó tí ń bá ènìyàn yọ̀ nítorí pé ara rẹ̀ yá.

Láti ọjọ́ náà ni ojú Ondina ti yí padà. Ondina Cergol ni olórí wa, obìnrin tó gbọ́n, tó láàánú, tó máa ń bá wa jókòó jẹ ọbẹ̀ ẹ̀wà àti kábéèjì kíkan lọ́sàn-án bí ọmọ ìyá. Àmọ́ ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wò wá bí ẹni tó gbé ẹyin lórí tó ń sọ̀kalẹ̀ òkè. "O sùn dáadáa? O ti lo oògùn rẹ? Ṣé kò sí nǹkan?" Àwa náà fi ṣẹ̀fẹ̀. A ní Ondina ti ń ka wá bí adìẹ nírọ̀lẹ́. Duilio nìkan ni kì í rẹ́rìn-ín sí i.

Mo ti fi kọ́kọ́rọ́ tèmi ṣílẹ̀kùn kí Ondina tó dé. Livio, tí ń bá wa ṣírò owó, ló tẹ̀ lé e wọlé.

"Duilio ńkọ́?" ni Ondina bi mí.

"Kò tíì dé."

Ó wo ẹ̀rọ, ó wo kọ̀rọ̀ tí Duilio máa ń gbé ẹ̀wù rẹ̀ kọ́. Ó pè é lórí fóònù. Kò gbé e.

"Ondina," ni mo wí, "lánàá, nígbà tí o ń bá Livio sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ aṣọ ló wà. Ó gbọ́ ọ."

"Kí ni mo sọ?"

"O ní ọrùn Duilio ni gbogbo nǹkan wà báyìí. O ní bí ó bá ṣubú, gbogbo wa la ṣubú."

Ó di etí tábìlì mú. Mo ti rí Ondina nígbà tí inú bí i, mo ti rí i nígbà tí ó ń sunkún, ṣùgbọ́n n kò rí i kí ẹ̀jẹ̀ gbẹ lójú rẹ̀ báyẹn rí.

Livio ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ gbọ́ ná. Àwọn tó ń bọ̀ ò mọ̀ ọ́n lójú. Orúkọ ni wọ́n mọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wà nílé, kò níṣẹ́ lọ́wọ́. Ká wọ̀ ọ́ ní aṣọ iṣẹ́ Duilio, kó dúró sídìí ẹ̀rọ, kó máa mirí. Tí wọ́n bá ti lọ, a ó wá Duilio."

Mo retí kí Ondina bínú. Kò bínú. Ó dákẹ́. Ó ń wo ilẹ̀, mo sì mọ̀ pé ó ń rò ó. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn bà mí lẹ́rù ju atẹ́gùn tó wà níta lọ, nítorí mo ti gbé ibi tí wọ́n ti ń fi ẹnì kan rọ́pò ẹnì kejì, tí kò sẹ́ni tó bìkítà.

"Rárá," ló sọ níkẹyìn. "Livio, ìwọ dúró dè wọ́n. Sióra Nives, ẹ dákun, ẹ bá mi ká lọ."

Òpópónà ń mì. Níbi tí Bora ti ń le jù, ènìyàn ní láti di nǹkan mú kó tó lè kọjá, bẹ́ẹ̀ la sì di ara wa mú. Ilé tí Duilio háyà yàrá kan sí kò jìnnà. Sióra Pahor, onílé, ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀.

"Duilio? Ó ti jáde tipẹ́, ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa. Ó kó kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ fún mi."

"Ó kó kọ́kọ́rọ́ fún yín?" ni Ondina wí.

"Èmi náà bi í. Mo ní, 'Ṣé ìrìn àjò ni?' Ó ní kí n bá òun máa bomi sí òdòdó ojú fèrèsé, pé òun ò fẹ́ kí nǹkan kan kú nítorí òun."

A bẹ̀ ẹ́, ó jẹ́ ká wọ yàrá náà. Ó ti tẹ́ ibùsùn rẹ̀ tónítóní, bí a ṣe ń tẹ́ ẹ fún àwọn òtẹ́ẹ̀lì. Oògùn rẹ̀ wà lórí tábìlì. Kọ́ọ̀tù òtútù rẹ̀ rọ̀ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ondina fọwọ́ kan kọ́ọ̀tù náà, ó sì yára gbọ́wọ́ kúrò bí ẹni tí iná jó.

"Ó jáde láìwọ kọ́ọ̀tù nínú atẹ́gùn yìí," ló ń wí lábẹ́lẹ̀. "Láìwọ kọ́ọ̀tù."

Àwa ará ìlú yìí mọ ibi méjì tí ẹni tí ayé sú máa ń lọ. Ọ̀kan ni orí òkè, níbi tí ihò àpáta ti jinlẹ̀ débi pé bí o bá ju òkúta sí i, o kò ní gbọ́ ìró rẹ̀. Èkejì ni òkun. Kò sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀ fún ẹnì kejì. Ẹsẹ̀ wa ló ń gbé wa sọ̀kalẹ̀ lọ sétí omi.

Bí a ṣe ń lọ, Ondina bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, kì í ṣe sí mi. "Bí ó bá ti kú, wọn á gba ẹ̀rọ. Ilé ìwòsàn á wá alágbàfọ̀ mìíràn. Gbogbo yín á padà sí ilé lọ jókòó." Ó dúró lójijì. Ó yíjú sí mi. "Sióra Nives, ṣé ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ? Duilio lè ti kú, ẹ̀rọ ni mo kọ́kọ́ dárúkọ."

"Mo gbọ́," ni mo wí. "Jẹ́ ká máa lọ."

Omi ti ru. Ìgbì ń fò gba orí afárá òkúta tó wọ inú òkun, ó ń dì bí yìnyín lára irin. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ètíkun dúró síbẹ̀, wọ́n ti na okùn di ọ̀nà. Nísàlẹ̀, àwọn ọkùnrin méjì nínú ọkọ̀ kékeré ń fi ọ̀pá oníkọ́ fa nǹkan dúdú kan tí ń yí nínú omi. Ó tóbi tó ènìyàn. Ó ń yọ, ó ń rì.

Ondina kò lè wò ó. Ó gbé ojú rẹ̀ sí èjìká mi, ó di mí mú débi pé àmì èékánná rẹ̀ hàn lára mi lọ́jọ́ kejì. "Ẹ bá mi wò ó," ló ń wí, "ẹ bá mi wò ó."

Mo wò ó. Mo rò pé mo rí apá. Mo gbàdúrà, èmi tí n kì í gbàdúrà. Wọ́n fà á gòkè díẹ̀díẹ̀, omi ń dà lára rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó. Ó gbé orí sókè, ó juwọ́ sí àwọn ẹ̀ṣọ́ yòókù pé kì í ṣe ènìyàn. Tapólì ni. Tapólì tí atẹ́gùn ká kúrò lórí ọkọ̀ ojú omi kan.

Ondina gbọ́ bí mo ṣe mí kanlẹ̀, ó jókòó sórí òkúta tútù níbẹ̀. Ibi tó jókòó sí náà ni fóònù rẹ̀ ti dún.

Bressan ni, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń rí sí ọ̀rọ̀ wa nínú àjọ náà. Ondina ní kí èmi náà gbọ́. Ó ní, "Sióra Cergol, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé a ò tíì dé. Ọkùnrin kan jókòó sí ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì wa láti àárọ̀. Ó ń gbọ̀n, kò sì kọ́kọ́ fẹ́ sọ orúkọ rẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé Duilio lòun."

Bí a ṣe débẹ̀, n kò lè rántí. Wọ́n ti fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó. Ètè rẹ̀ ti dúdú. Bressan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ife tíì, ẹ̀rù sì hàn lójú òun náà bí ọmọ tí wọ́n fi ilé sílẹ̀ fún.

Ondina kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. "Duilio, kí lo wá ṣe níbí?"

"Mo wá bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yọ orúkọ mi," ló wí. Eyín rẹ̀ ń lù mọ́ra. "Ìbẹ̀rù náà ti ń dé, Ondina. Mo ti ń gbọ́ ọ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Bí mo bá fẹ́ ṣubú, kí n dá ṣubú. Kí ló dé tí ẹ so gbogbo ènìyàn mọ́ mi lẹ́sẹ̀?"

"O ò bá ti sọ fún mi."

"Fún ìwọ?" Ó wò ó pẹ́. "Ojú rẹ ń bà mí lẹ́rù. Tí o bá ti ń wò mí, ẹ̀rọ ìfọṣọ lo máa ń rí."

Ondina kò bẹ̀ ẹ́, kò sì jiyàn. Ó fi ọwọ́ méjèèjì pa ọwọ́ Duilio tó tutù mọ́ra, ó ń fún un ní ooru.

Bressan gbé ife tíì sílẹ̀, ó ní, "Sióra, bí ó bá lè wá síbi iṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí ọdún á fi parí… kó kàn máa yọjú. Ẹ mọ̀ pé bí mo bá kọ ọ́ pé ó ti lọ, kò sí bí mo ṣe lè yí i padà. Kì í ṣe èmi ni mo ṣe òfin yẹn."

"Mo mọ̀," ni Ondina wí, láìyíjú sí i. "Kọ ọ́. Ó ń lọ sinmi. Èmi ni mo ń gbé e lọ."

A mú un lọ sí ilé àwọn dókítà ní àdúgbò wa, níbi tí ilẹ̀kùn kì í ti tì. Ó wà níbẹ̀ títí òtútù fi lọ.

Àjọ náà kò fi gbèsè jì wá. Wọ́n wá sí ìpàdé wa, wọ́n gbọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́nu Ondina, títí dórí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n Livio, tí Ondina jẹ́wọ́ pé òun fúnra òun gbé yẹ̀wò. Ọ̀gá wọn obìnrin ní ó dun òun, ṣùgbọ́n àwọn olówó tó wà lẹ́yìn àjọ náà ti dúró lórí àdéhùn. Ohun tó lè ṣe ni pé ó fi kún àkókò tí a ó fi san án. A ta ọkọ̀ akẹ́rù wa kejì. Àwa àgbà dín wákàtí iṣẹ́ wa kù kí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé má baà lọ. Oṣù kan wà tí ẹ̀rù ń bà wá láti ṣí lẹ́tà owó iná.

Duilio padà wá nígbà ìrúwé, ìdajì ọjọ́ ló ń ṣe. Òun àti Ondina kò tíì dà bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó máa ń yẹra bí Ondina bá rìn sún mọ́ ọn, Ondina náà sì ti kọ́ láti dúró lókèèrè kí ó tó kí i.

Livio fi wá sílẹ̀ nígbà ooru. Ó ní òun rí iṣẹ́ ní Udine, ní ibi tí wọ́n ti ń ta bíríkì. Ní ọjọ́ tó ń kó ẹrù rẹ̀, ó wá sídìí áyọ́ọ̀nù mi, ó dúró.

"Sióra Nives," ló wí, "bíríkì kì í jí kó má wá síbi iṣẹ́."

Mo gbé áyọ́ọ̀nù kúrò lórí aṣọ kó má baà jó. Mo ní kí ó kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún mi, ó sì lọ.