Iṣu Mẹ́fà fún Bàbá Àìṣà

Bí ọ̀rọ̀ kan bá wà tí Tàófíìkì ò fẹ́ gbọ́ mọ́ láyé, làákàyè ni. Láàárọ̀ ọjọ́ tó fẹ́ lọ fojú han bàbá Àìṣà, ọmọ tó fẹ́ fi ṣaya, ní Ìfọ́n, ìyá rẹ̀ di iṣu mẹ́fà sínú àpò fún un, ó ní, "Tí o bá débẹ̀, lo làákàyè."

"Kí ni kí n fi ṣe gan-an, Ìyá mi?"

"Tí mo bá ní láti ṣàlàyé ẹ̀, kì í ṣe làákàyè mọ́."

Tàófíìkì mí kanlẹ̀. Òun tó kàwé ìṣirò ní yunifásítì, tó lè jókòó ti àdìtú kan láti àárọ̀ dalẹ́, ẹnìkan ò lè la ọ̀rọ̀ kékeré yìí yé e. Ó gun ọ̀kadà, ó fi Ìlobù sílẹ̀.

Àlùfáà Jàlálù, bàbá Àìṣà, jókòó sábẹ́ igi máńgòrò. Tàófíìkì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bàbá yẹ iṣu wò, inú rẹ̀ dùn.

"Iṣu yìí dára o. Oko wo lẹ ti wà á?"

Ìbéèrè tó ní ìdáhùn pàtó rèé. "Oko bàbá wa àgbà ni, sà. Tí ẹ bá kọjá afárá, tí ẹ yà sọ́tùn-ún, ó wà níbi ọ̀pẹ mẹ́ta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààlà."

Bàbá gbé iṣu náà sílẹ̀. Ilẹ̀ ìdí ọ̀pẹ yẹn wà lára èyí tí Ìlobù àti Ìfọ́n ti ń fà mọ́ra wọn lọ́wọ́ kí wọ́n tó bí Tàófíìkì. Lẹ́nu ọ̀nà, Àìṣà fọwọ́ bojú.

"Ìyẹn ni pé iṣu wa lo gbé wá tọrọ ọmọ wa," Bàbá wí jẹ́jẹ́.

"Ẹ má bínú, sà. Mi ò fẹ́ purọ́ fún yín ni."

"Ta ní kí o purọ́? Mo bi ọ́ ní ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, o ya máàpù fún mi. Tí ẹ̀gbọ́n mi bá gbọ́, kò ní jẹ́ kí n fún ọ lọ́mọ." Ó fọwọ́ ra orí. "Gbé e padà. Lọ ra òmíràn lọ́jà Òṣogbo."

Ọ̀sán ti pọ́n kó tó padà dé pẹ̀lú iṣu tí kò tó ti àkọ́kọ́ rárá. Yésúfù, ẹ̀gbọ́n Bàbá, ti jókòó ti àbúrò rẹ̀.

"Ọmọ Ìlobù, níbo ni iṣu ti wá?"

Orúkọ ọjà, ìsọ̀ oníṣu àti bí wọ́n ṣe ná an ti wà létè Tàófíìkì. Ó gbé gbogbo rẹ̀ mì.

"Ìyá mi ní kí n kí yín, sà. Wọ́n ní kí ẹ má wo bó ṣe kéré."

Yésúfù rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n gbé iṣu wọlé.

Jàlálù tẹ̀ sí etí Tàófíìkì. "Ṣé ó ti yé ọ báyìí?"

Tàófíìkì lanu láti bi í pé èwo nínú rẹ̀ gan-an. Àìṣà ranjú mọ́ ọn. Tàófíìkì pa ẹnu rẹ̀ dé.

"Ó yé mi, sà."