Ẹ Jẹ́ Kó Sọ Tán

"Ẹ̀rọ yìí," ni bàbá télọ̀ wí nínú fídíò náà. Ó fọwọ́ pa ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lórí bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. "Ẹ̀rọ tí ẹ ń wò yìí, ìyàwó mi..."

"Ìyàwó yín ló rà á fún yín! Ó káre!" Ohùn obìnrin kan gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. "Bàbá, èyí tó ń lọ sókè sódò yìí ńkọ́? Kí là ń pè é? Abẹ́..."

"Abẹ́rẹ́," ni télọ̀ fi ohùn pẹ̀lẹ́ dáhùn, bí ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

"Abẹ́rẹ́! Ó káre! Ẹ ṣeun gan-an ni, bàbá."

Gbọ̀ngàn náà dàrú fún ẹ̀rín. Àwọn olùkọ́ tí wọ́n wá láti iléèwé oríṣiríṣi ń lu tábìlì. Ọ̀gá Fídíò, ọkùnrin gbọọrọ tó ń darí àgọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ náà ní fídíò ṣíṣe, dá àwòrán dúró lára ògiri.

"Ẹ̀yin tíṣà mi, kí ni bàbá yìí fẹ́ sọ nípa ìyàwó rẹ̀?"

Àwọn olùkọ́ ń wo ara wọn.

"Èmi náà ò mọ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ń sọ ọ́ lọ, a ò jẹ́ kó sọ tán. Abẹ́rẹ́ la wá ń gbọ́."

Ẹ̀rín tún sọ. Ẹni tó rín in jù ni ọ̀dọ́bìnrin tó dúró sẹ́yìn ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sára ògiri. Àǹtí Kámẹ́rà ni àwọn olùkọ́ ń pè é, torí òun ló ń pín kámẹ́rà fún wọn láràárọ̀, òun náà ló sì ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń gé fídíò lórí kọ̀ǹpútà. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú. Ìgbà tó gbójú sókè ló rí i pé ẹni tó ni ohùn inú fídíò náà ti yíjú wo òun láti ìlà iwájú, ẹ̀rín sì gbẹ mọ́ ọn lẹ́nu. Ìyá rẹ̀ ni.

Ká sọ tòótọ́, kò sí ẹni tó ṣòro láti kọ́ bí olùkọ́. Wọ́n ń pẹ́ dé, wọ́n ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn kíláàsì, ẹni tó bá sì dáhùn ìbéèrè á máa retí kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fóun. Ìyá Àǹtí Kámẹ́rà ní tirẹ̀ kì í pẹ́ dé. Ọmọ kéékèèké ló ti ń kọ́ láti ìgbà tó ti gba iṣẹ́, àwọn tó jẹ́ pé bí ọ̀rọ̀ bá há mọ́ wọn lẹ́nu, olùkọ́ ní láti bá wọn fà á jáde. Ó ti bá wọn fà á títí ó fi mọ́ ọn lára. Ní bánkì, nínú ọkọ̀, lórí fóònù, kò sí ẹni tí í parí ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ lọ́dọ̀ obìnrin náà. Òun ló bẹ ọmọ rẹ̀ pé kó bá òun fi orúkọ sílẹ̀ fún àgọ́ yìí ní ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, kí òun lè dá ẹgbẹ́ oníròyìn kékeré sílẹ̀ ní iléèwé òun bí wọ́n bá wọlé.

Ṣùgbọ́n ohun tó ń da Àǹtí Kámẹ́rà láàmú ju fídíò lọ. Iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tó ti ń ṣiṣẹ́ ti dín òṣìṣẹ́ kù ṣáájú ìsinmi, ó sì wà lára àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n máa lọ. Ìyá rẹ̀ kò mọ̀. Ó rò pé ọmọ òun gba ààyè níbi iṣẹ́ ni. Kì í ṣe pé ọmọ náà ò gbìyànjú láti sọ ọ́.

"Màámi, níbi iṣẹ́ wa, wọ́n..."

"Wọ́n ti gbé ọ ga! Mo mọ̀! Ara mi ti ń sọ fún mi!"

Nígbà tó tún gbìyànjú, tó ní nǹkan kan wà tí òun fẹ́ sọ, ìyá rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í jó. "O ti rí ọkọ!"

Ọ̀rọ̀ náà wá há sí i lọ́fun bí egungun ẹja. Èyí tó burú jù ni pé ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ ní tẹlifíṣọ̀n ni àlejò pàtàkì tí wọ́n pè síbi àṣekágbá lọ́la. Ìyá rẹ̀ ti há ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ sórí. Ó fẹ́ dìde láàárín gbogbo èrò, kó dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá náà pé ó ń bá òun tọ́jú ọmọ.

Nígbà tí wọ́n jáde fún oúnjẹ ọ̀sán, Àǹtí Kámẹ́rà bá ìyá rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì nínú yàrá àwọn ọmọ iléèwé tó wà ní ìsinmi, níbi tí wọ́n fi àwọn olùkọ́ sí. Ìyá náà ń ká aṣọ sínú báàgì.

"Màámi, kí lẹ ń ṣe?"

"Mò ń lọ sílé. Mo ti kọjá ẹni tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ lára ògiri."

"Wọn ò fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀kọ́ ni..."

"Ẹ̀kọ́ ni wọ́n fi ń kọ́ wa! Mo ti gbọ́." Ó tẹ aṣọ mọ́lẹ̀ nínú báàgì. "Ìwọ lo rẹ́rìn-ín jù. Nínú gbogbo ariwo yẹn, ẹ̀rín tìẹ ni mo dá mọ̀."

Àǹtí Kámẹ́rà tẹ orí ba. Bẹ́ẹ̀, nínú rẹ̀ lọ́hùn-ún, nǹkan kan ń sọ fún un pé ọ̀nà ti là. Bí Màámi bá lọ sílé lónìí, kò ní pàdé ọ̀gá lọ́la. Kò ní sí ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́, kò ní sí ìtìjú. Kó ṣáà bá a gbé báàgì dé géètì ló kù. Ó tilẹ̀ ti nawọ́ sí báàgì náà kí ojú rẹ̀ tó bọ́ sára bàtà kánfáàsì funfun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Nítorí àgọ́ yìí ni ìyá rẹ̀ ṣe rà á, ó ní oníròyìn kì í fi bàtà gíga sáré. Ojú ti ọmọ náà. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì.

"Ẹ má bínú, Màámi. Kò yẹ kí n rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ẹ má tíì lọ. Ẹ jẹ́ ká padà lọ bá bàbá télọ̀."

"Kí n tún lọ ṣe kí ni?"

"Kẹ́ ẹ bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Bó bá ti ń sọ̀rọ̀, orí nìkan ni kẹ́ ẹ máa mì, bí ẹni tó ń gbà. Ẹ má fẹnu sí i."

"Bó bá wá dákẹ́ ńkọ́?"

"Ẹ jẹ́ kó dákẹ́."

"Kí n kàn máa wò ó bí ọlọ́pàá?"

"Ẹ máa wò ó bí ẹni tó fẹ́ gbọ́."

Ìyá rẹ̀ pòṣé. Ṣùgbọ́n ó wọ bàtà kánfáàsì náà.

Ṣọ́ọ̀bù télọ̀ wà ní òdìkejì títì, kò sì fẹ̀ rárá. Àǹtí Kámẹ́rà gbé kámẹ́rà sórí igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rẹ̀, ó há máìkì kékeré mọ́ ọrùn aṣọ bàbá náà.

"Tíṣà, ẹ tún ti dé?" ni télọ̀ wí. "Mo ti tún gbogbo orúkọ ara ẹ̀rọ náà kọ́. Ẹ bi mí."

Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó tún ìjókòó ṣe. "Bàbá, ẹ ń sọ̀rọ̀ ìyàwó yín lánàá, mi ò jẹ́ kẹ́ ẹ parí ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fẹ́ sọ?"

Télọ̀ wo ẹ̀rọ rẹ̀. "Ìyàwó mi..." Ó dákẹ́.

Ẹnu ìyá là. Àǹtí Kámẹ́rà rí i láti ẹ̀yìn kámẹ́rà. Obìnrin náà pa ẹnu dé, ó fi eyín di ètè mú, ó mi orí. Ọkọ̀ kan kọjá lójú títì. Télọ̀ ṣì dákẹ́. Ìyá gbá etí aṣọ ara rẹ̀ mú, ó ń lọ́ ọ, ó tún mi orí.

"Òun ló ni ẹ̀rọ," ni télọ̀ wá sọ. "Òun ni télọ̀. Dírẹ́bà lèmi. Bí mo bá ti ìrìn àjò dé, mo máa ń gbọ́ ìró ẹ̀rọ yìí láti ìta, màá mọ̀ pé ó wà nílé. Nígbà tó kú, ilé dákẹ́. Mi ò lè fara dà á. Ni mo bá lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọmọ tí òun fúnra ẹ̀ kọ́ níṣẹ́. Àgbà mi yìí! Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín títí. Kì í ṣe aṣọ ni mo fẹ́ rán, tíṣà. Ìró ẹ̀ ni mo fẹ́ máa gbọ́."

Kò sẹ́ni tó kí i pé ó káre. Ìyá kàn ń mi orí, omi sì ń dà lójú rẹ̀. Télọ̀ fúnra rẹ̀ ló tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ náà, ìró rẹ̀ sì kún ṣọ́ọ̀bù.

Nígbà tí wọ́n padà, wọ́n jókòó sórí àtẹ̀gùn gbọ̀ngàn. Inú ìyá ń dùn bí ọmọ tó gba ẹ̀bùn.

"Ṣé ó wọ inú kámẹ́rà? Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀ ló wọ̀ ọ́, Màámi."

"Èmi ni mo dákẹ́ tó yẹn! Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí." Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Ìyá wá kọjú sí i. "Ó pẹ́ tó o ti ń sọ pé nǹkan kan wà tó o fẹ́ sọ fún mi. Kí ni?"

Àǹtí Kámẹ́rà ń ká wáyà máìkì. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. "Màámi, níbi iṣẹ́ wa, wọ́n..."

Ó dúró de ohùn ìyá rẹ̀, bó ṣe máa ń dúró dè é láti kékeré. Ohùn náà kò wá. Nígbà tó gbójú sókè, ìyá rẹ̀ ti fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, ó ń mi orí.

"Wọ́n ti ní kí n máa lọ."

Nígbà tí èyí ti jáde, ìyókù kò ṣòro mọ́. Ó sọ bí wọ́n ṣe dín òṣìṣẹ́ kù, ó sọ pé ọ̀gá tó ń bọ̀ lọ́la ló pe òun wọlé láti sọ fún òun, ó sọ pé iṣẹ́ àgọ́ yìí nìkan ló wà lọ́wọ́ òun báyìí. Ó tilẹ̀ sọ pé díẹ̀ ló kù kí òun jẹ́ kí ìyá òun máa lọ sílé lọ́sàn-án yìí, nítorí ìbẹ̀rù. Bó ṣe ń sọ ọ́ ni àyà rẹ̀ ń fúyẹ́.

"Ṣé o ti sọ tán?"

"Mo ti sọ tán, Màámi."

Ìyá mú ọwọ́ kúrò lẹ́nu. "Ó káre."

Ara tu Àǹtí Kámẹ́rà débi pé ẹkún àti ẹ̀rín jọ gbà á. Ìyá rẹ̀ fà á mọ́ra, ó ń gbá a lẹ́yìn pẹ́pẹ́.

"Ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ tí mo há sórí yẹn wá ńkọ́? Gbogbo wàhálà mi!"

"Ẹ fi dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá télọ̀. Ẹ jẹ́ ká pè é wá lọ́la."

"Ọ̀gá yẹn ńkọ́?"

"Èmi ni màá lọ pàdé ẹ̀ ní géètì." Ó gbé báàgì kámẹ́rà kọ́ èjìká. "Màá bi í pé kí ló dé tó fi jẹ́ èmi. Màá sì dákẹ́."

Ìyá rẹ̀ la ẹnu láti fi nǹkan kan kún un. Ó rò ó wò, ó sì mi orí.