Ọkọ̀ Tí Bàbá Dá Dúró

Bàbá ti jókòó sínú ọkọ̀ ojú irin tí kò ní gbéra mọ́ láéláé, kí ọmọbìnrin rẹ̀ tó gba ìwé ìwọlé wọn tán. Ó ti yan ìjókòó ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún, ó ń wo àwọn tó ń ya fọ́tò níta bí ẹni pé wọ́n ń fi àkókò òun ṣòfò.

Ó ní, "Ìyá mi, tètè wọlé." Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń pè é láti kékeré, torí pé ó jọ ìyá tó bí Bàbá.

Ọmọbìnrin náà wọlé, ó jókòó tì í. Aránṣọ ni, ilé kan náà lòun àti Bàbá jọ ń gbé. Ibùdó ọkọ̀ ojú irin yìí ni Bàbá ti ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Òun ni gáàdì, ẹni tó máa ń wò ó bóyá gbogbo èrò ti wọlé, kó tó fi àsíá aláwọ̀ ewé juwọ́ sí awakọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ ò rìn mọ́, igbó bo ojú irin, òrùlé sì ń jò. Lẹ́yìn náà ni àwọn aláṣẹ ìlú tún un ṣe, wọ́n kùn ún lọ́dà, wọ́n sọ ibi tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì di ilé kọfí, àlejò wá ń ti ọ̀nà jíjìn wá wò ó. Ó ti pẹ́ tí Bàbá ti ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ọmọ òun mú òun débẹ̀. Aránṣọ á ní iṣẹ́ wà lọ́wọ́, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Òní ló wá rí àyè. Ìdí tó fi jẹ́ òní gan-an ni kò jẹ́ kó lè wojú Bàbá. Àpò aṣọ Bàbá wà nínú bọ́ọ̀tù mọ́tò, àti oògùn rẹ̀. Tí wọ́n bá kúrò níbí, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ń gbé e lọ. Òun àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ti fẹnu kò lórí ẹ̀. Bàbá ti fi gáàsì sílẹ̀ ní títàn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ó ti jáde láàárọ̀ kùtù láìwọ bàtà, tó jẹ́ pé àwọn ará àdúgbò ló dá a padà. Aránṣọ kì í sùn dáadáa mọ́. Abẹ́rẹ́ ń gún un lọ́wọ́ nítorí òògbé. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Síbẹ̀, kò tíì sọ ọ́ fún Bàbá. Ó rò pé tí òun bá kọ́kọ́ fún un ní ọjọ́ kan tó dùn, ọ̀rọ̀ tó kù á rọrùn láti sọ. Ṣùgbọ́n bí inú Bàbá ṣe ń dùn sí i, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ń wúwo sí i lẹ́nu rẹ̀.

Inú Bàbá sì dùn lóòótọ́. Ó na ọwọ́ fún ìyá ọlọ́mọ kan tó ń wọlé, ó ní kó rọra gbé ẹsẹ̀, àtẹ̀gùn náà ga. Ó ṣàlàyé fún tọkọtaya kan pé iwájú ni èéfín máa ń pọ̀ sí, kí wọ́n lọ jókòó lẹ́yìn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì lọ jókòó lẹ́yìn. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni kì í ṣe ohun tí Bàbá bá ní kó ṣe mọ́.

Fóònù aránṣọ dún. Ó jáde lọ gbé e lẹ́bàá ilé kọfí. Alábòójútó ilé ìtọ́jú náà ni. Ó ní yàrá ti wà nílẹ̀, àti pé àwọn kì í gba ẹni tuntun tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Aránṣọ ní àwọn ti wà lọ́nà. Irọ́ náà kò tilẹ̀ há a lẹ́nu.

Nígbà tó padà wọlé, kò sí Bàbá níbi ìjókòó rẹ̀.

Kì í ṣe ẹ̀rù ló kọ́kọ́ bà á. Ohun tó kọ́kọ́ dé ni pé ara rẹ̀ fúyẹ́, bí ìgbà tí èèyàn sọ ẹrù kalẹ̀. Tí kò bá sí, òun kò ní láti sọ ohunkóhun fún un. Ìrònú náà kò pẹ́ ju kí èèyàn ṣẹ́jú lọ. Ó dúró síbẹ̀, ó ń ṣe é bí ẹni pé gbogbo èrò inú ọkọ̀ ló gbọ́ ohun tó rò. Lẹ́yìn náà ló wá sáré.

Ó wo ilé kọfí, ó wo ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó bi ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, onítọ̀hún ní òun ò rí bàbá kankan tó jáde. Ìpẹ̀kun pèpéle tí èrò máa ń dúró lé de ọkọ̀ ló ti rí i, níbi tí àlejò kì í dé. Bàbá dúró ṣánṣán, ó kọjú sí orí ọkọ̀, ibi ìjókòó awakọ̀ tí kò sí ẹnì kankan nínú rẹ̀, ó na àtẹ́lẹwọ́ síwájú bí ẹni tó ń dá mọ́tò dúró.

"Bàbá, kí lẹ ń ṣe níbí?"

"O ti dé." Ó rọra sọ ọwọ́ kalẹ̀. "Wọ́n fẹ́ gbéra. Mo ní kí wọ́n dúró, pé ọmọ mi ṣì wà lẹ́yìn."

Aránṣọ mú un lọ́wọ́, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan, ó sì sọ ọ́ fún un. Kò fi àbúrò rẹ̀ bojú, kò ní dókítà ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní òun ti gba yàrá fún un níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn àgbà, pé òní làwọn ń lọ, pé òun ò lè dá a ṣe mọ́, ó ti rẹ òun. Ó ní òun á máa wá wò ó. Ohun tó rò nínú ọkọ̀ nìkan ni kò lè sọ.

Bàbá ń fi ìka ra etí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Kò hàn lójú rẹ̀ bóyá ó yé e.

"Ṣé èèyàn wà níbẹ̀?"

"Wọ́n wà níbẹ̀, Bàbá. Wọ́n pọ̀."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀." Ó yíjú sí i. "Ìwọ ńkọ́, ìyá mi? Ta ló máa wà pẹ̀lú rẹ nínú ilé?"

Àbúrò aránṣọ ti béèrè nípa oògùn, alábòójútó ti béèrè nípa oúnjẹ tí Bàbá kì í jẹ. Kò sí ẹni tó bi í ní èyí, òun pàápàá kò sì bi ara rẹ̀ rí. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń pète ọ̀rọ̀ náà, ohun tó ń rò ni pé òun lòun fẹ́ fi ẹnì kan sílẹ̀, kò rò ó pé òun náà á dá wà.

Bàbá kò kán an lójú. Ó ń wojú rẹ̀, ó ń retí èsì.