Àgbo Tó Ń Hó

Ìyániwúrà, àbúrò mi obìnrin, kò tilẹ̀ kí mi nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà. Olùkọ́ ni ní Iloffa, kì í sì í pa iléèwé jẹ. Bí mo ṣe rí i ní Osi, ìlú tí mo ń gbé, lọ́jọ́ iṣẹ́, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ńlá ló gbé e wá. Ó na ìwé kan sí mi.

"Bùrọ̀dá, ẹ kà á."

Èsì àyẹ̀wò ìtọ̀ mi láti Ìlórín ni. Wọ́n rí ọtí nínú rẹ̀.

Ògógóró ọdún mẹ́rìndínlógún ló ba ẹ̀dọ̀ mi jẹ́. Ikùn mi wú, funfun ojú mi di pupa rúsúrúsú. Dókítà sọ fún mi láìfi bọpo bọyọ̀ pé ẹ̀dọ̀ náà ti le gbagidi, kò sì ní bọ̀ sípò mọ́, àfi kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Ìyániwúrà ló ní kí wọ́n gé lára tirẹ̀ fún mi. Ohun ìyanu ni ẹ̀dọ̀: wọ́n lè gé ju ìdajì rẹ̀ lọ, kí èyí tó kù tún dàgbà padà láàárín oṣù mélòó kan. Íńdíà la ó ti ṣe é. Ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lo oṣù mẹ́fà láìfẹnu kan ọtí, kí wọ́n sì máa yẹ ìtọ̀ mi wò lóṣooṣù. Oṣù kẹrin la wà yìí.

"N kò mu ún," mo ní.

"Bẹ́ẹ̀ náà lẹ wí lọ́dún tí ẹ ṣubú sínú gọ́tà níwájú ṣọ́ọ̀ṣì."

"Lọ́dún yẹn, mo mu ún."

Kò rẹ́rìn-ín. "Bùrọ̀dá mi, mo lè fún yín ní ẹ̀dọ̀. Mi ò lè fi í fún ẹni tó ń purọ́ fún mi. Tó bá di Sátidé, ẹ sọ òótọ́ fún mi, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ màá kọ̀wé sí wọn pé mi ò ṣe mọ́."

Ó gun ọ̀kadà, ó lọ.

Ẹ̀rọ tó ń rin ẹ̀gẹ́ ni mo ń tún ṣe. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Títú àti títò ló kọ́ mi. Bí ẹ̀rọ bá ń kú, n kì í tú gbogbo rẹ̀ ká. Láti táǹkì ni mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀, màá máa tẹ̀ lé dísẹ́lì lọ díẹ̀díẹ̀ títí màá fi dé ibi tó ti ń jò. Nítorí náà mo jókòó, mo kọ gbogbo ohun tó gba ọ̀fun mi kọjá lọ́sẹ̀ náà sílẹ̀: ògì, iṣu sísè, ẹ̀wà, oògùn dókítà, omi kànga. Wáìnì oúnjẹ alẹ́ Olúwa ńkọ́? Sóbò ni ìjọ wa ń lò. Ó wá ku ẹyọ kan: àgbo ibà pọ́njú tí Màmá ń fún mi, kọ́ọ̀pù kan láàárọ̀, kọ́ọ̀pù kan nírọ̀lẹ́.

Dókítà ti ní kí n má mu àgbo. Èmi ni mo túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fúnra mi sí àgbo inú gáréèjì tí wọ́n ń fi ògógóró rẹ. Ta ni yóò gbé ọtí wọ ilé ìyá mi, ẹni tó da gbogbo ìgò mi nù sí ààtàn? Ọ̀pẹ òyìnbó tí kò tíì pọ́n ló gé sínú kẹ́ẹ̀gì, ó fi èèpo igi àti omi ògì sí i, ó sì bu oyin lé e kó má baà korò jù.

Mo lọ wo kẹ́ẹ̀gì náà lẹ́yìn ilé ìdáná. Ó ń hó. Mo so ọ̀rá mọ́ ẹnu rẹ̀. Kí n tó jẹun ọ̀sán tán, ọ̀rá náà ti wú bí bọ́ọ̀lù. Bí ẹmu ṣe máa ń hó nìyẹn. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé pé ara mi kò yá.

Nígbà tó di Sátidé tí Ìyániwúrà padà dé, mo gbé ìkòkò méjì ka iná. Páìpù bàbà tuntun ni mo rà, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé dísẹ́lì ló ń jó. Àgbo kẹ́ẹ̀gì wà nínú ìkòkò kan. Èyí tí Màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ pò láàárọ̀ yẹn wà nínú èkejì. Mo dé wọn pinpin. Oru ìkòkò kọ̀ọ̀kan gba inú páìpù tirẹ̀ kọjá nínú abọ́ omi tútù, ó sì ń kán tó, tó. Ọtí máa ń di oru ṣáájú omi. Ohun tí àwọn tó ń se ògógóró gbára lé nìyẹn. Èyí tó kọ́kọ́ kán, mo tún un sè lẹ́ẹ̀kejì kó lè le. Lẹ́yìn náà mo bu ṣíbí kọ̀ọ̀kan, mo gbé wọn wọ ilé ìdáná tó ṣókùnkùn díẹ̀. Màmá àti Ìyániwúrà tẹ̀ lé mi.

Mo ṣá ìṣáná sí ti àárọ̀ yẹn. Ìṣáná kú. Mo ṣá òmíràn sí ti kẹ́ẹ̀gì. Iná búlúù gbà á, ó ń jó jẹ́jẹ́ láìsí èéfín.

Màmá fò sẹ́yìn. "Kí nìyẹn?"

"Ọtí ni, Màmá. Ọ̀pẹ òyìnbó àti oyin ló ṣe é fúnra wọn. Ìyẹn ló ń mú un hó."

"Mo rò pé agbára èèpo ni! Ogójì ọdún nínú ẹgbẹ́ ìyá ìjọ, èmi ni mo wá ń pọn ọtí?"

"Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, Màmá," Ìyániwúrà wí. "Ilé ọtí gan-an kì í ṣí láàárọ̀."

"Pa ẹnu rẹ mọ́!" Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti ń pa òun náà.

Mo kọjú sí àbúrò mi. "N kò purọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n dókítà ní kí n má mu àgbo, mo sì mu ún. Ẹ̀bi mi nìyẹn."

Ó wo ṣíbí náà pẹ́. "Ẹ tún un ṣe kí n rí i."

Mo tún un ṣe. Ó fa fóònù yọ, ó pe dókítà, ó sì ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un.

"Ó sè é lẹ́ẹ̀mejì?" dókítà béèrè. Lẹ́yìn náà ló wá sọ òfin: kí a da gbogbo àgbo nù, torí pé èyí tí kò lọ́tí pàápàá lè pa ẹ̀dọ̀ tó ń ṣàìsàn lára. Ó ní ẹ̀jẹ̀ mi fi hàn pé mo ṣì lè dúró, ṣùgbọ́n ọjọ́ kìíní ni òní. Oṣù mẹ́fà tuntun.

"Mo ti gbọ́, sà," Ìyániwúrà ní. "Ẹ má yọ orúkọ mi."

Èsì mẹ́fà ló tẹ̀ lé e, kò sí ọtí nínú ìkankan. Ní Íńdíà, dókítà tó ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi sọ fún mi pé bí àwọn ṣe tú ẹ̀jẹ̀ sínú ẹ̀dọ̀ tuntun náà báyìí, ó pọ́n lójú ẹsẹ̀, òróòro sì ti ń sun jáde lára rẹ̀ kí àwọn tó rán ikùn mi pa. Mo ní kó tún un sọ.

Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n gbé Ìyániwúrà sórí kẹ̀kẹ́ aláìsàn, wọ́n tì í wá sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi.

"Ṣé ó ń ṣiṣẹ́?"

"Bí ẹ̀rọ tuntun ni. Wọ́n yí i lẹ́ẹ̀kan péré, ó gbéra."

"Ó yẹ kó ṣe bẹ́ẹ̀," ó ní. "Tèmi kò mutí rí."