Èso Tó Panu Mọ́

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lanu," ni gẹrígẹrí ń bẹ àwọn èso igi páìnì tó wà nínú abọ́ omi ọṣẹ.

Wọn ò dá a lóhùn. Lánàá, ìpẹ́ wọn ṣí rẹrẹ bí òdòdó. Lónìí ó rí eruku lára wọn, ó ní kí òun ran ìyàwó òun lọ́wọ́, ló bá fọ̀ wọ́n bó ṣe ń fọ orí oníbàárà tó wá gẹrun. Gbogbo wọn panu mọ́.

Ọ̀sán yìí sì ni awakọ̀ òtẹ́ẹ̀lì ń bọ̀ wá gbé ọ̀ṣọ́ ọdún tí ìyàwó rẹ̀ fẹ́ fi èso náà ṣe. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni máa gbé fún un nìyẹn.

Ó fi èékánná ya ìpẹ́ kan. Ìpẹ́ kán. Bàtà ìyàwó rẹ̀ dún lọ́nà. Kíá, ó da èso sórí páànù, ó tì í sínú ófùnù, ó dúró tì í bí ẹ̀ṣọ́ báńkì.

"Dádì, kí lẹ ń ṣe níbẹ̀?" ni ìyàwó béèrè.

"Mò ń gba atẹ́gùn."

"Nídìí ófùnù? Èso mi dà?"

"Wọ́n wà."

"Níbo?"

Kó tó purọ́, ìyá ìyàwó rẹ̀ wọlé láti ẹ̀yìnkùlé. Láti ọjọ́ ìgbéyàwó, màmá yìí ò tíì yìn ín rí.

"Sún, àna mi. Mo fẹ́ gbé búrẹ́dì kaná."

"Màámi, búrẹ́dì tútù ló ń ṣara lóore."

"Ṣé ìwọ lo fẹ́ bá mi jẹ ẹ́ ni?"

Ta ló ń bá ìyá ìyàwó jiyàn? Ó sún. Màmá tanná ófùnù, iná kékeré. Ìyàwó wọ́ ọkọ lọ wá èso káàkiri ilé. Wọ́n wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n wo ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Ọkọ ń wá ohun tó mọ ibi tó wà, òógùn bò ó. Nígbà tó yá, òórùn igi ta sánsán gba gbogbo ilé. Ìyàwó sáré wọ ilé ìdáná, ó ṣí ófùnù. Gẹrígẹrí dijú.

"Dádì. Ẹ wá wò ó."

Ó la ojú kan. Gbogbo èso ti ṣí, wọ́n ń dán, wọ́n sì dára ju ti àná lọ.

"Ta ló kọ́ yín nírú èyí, Dádì?"

Ó fẹ́ lanu.

"Ta ni ì bá kọ́ ọ?" ni màmá gbà á sọ. "Ó fọ̀ wọ́n, ó wá ní kí wọ́n gbẹ. Ohun tómi pa dé, iná ló ń ṣí i. Lọ mú wáyà wá, awakọ̀ ò ní pẹ́ dé."

Ìyàwó fi wáyà so èso pọ̀ di ọ̀ṣọ́. Awakọ̀ dé, ó gbé ọ̀ṣọ́ náà lọ, ó ní ọ̀gá òun á tún ránṣẹ́. Ìyàwó bú sẹ́rìn-ín, ó tẹ̀ lé e dé ẹnu géètì. Ìgbà yẹn ni gẹrígẹrí tó mí.

"Màámi, búrẹ́dì yín ńkọ́?"

"Búrẹ́dì wo? Ṣé búrẹ́dì wà nílé yìí látàná ni? Ojú fèrèsé ni mo wà nígbà tó o ń bẹ èso." Màmá nu ọwọ́ rẹ̀. "Lọ́jọ́ mìíràn, orí èèyàn ni kó o máa fọ̀."

Gẹrígẹrí wọ bàtà rẹ̀, ó lọ ra búrẹ́dì.