Géètì Tó Wà Láàárín Èmi àti Àbẹ̀kẹ́

Lámídì, má tíì rẹ́rìn-ín. Lójú àlá àná, mo rí Àbẹ̀kẹ́, ìyàwó mi tó ti dolóògbé, tó jókòó sẹ́yìn géètì kan, tó ń bó ọsàn. Bàbá ará Ṣáínà kan àti bàbá ará Áyálándì kan ló ń ṣọ́ géètì náà. Wọ́n ní bí mo bá dáhùn ìkíni àwọn bó ṣe tọ́, kí n wọlé.

Èdè Ṣáínà ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀ bíi tiwa. Ti Áyálándì ń ṣàn bí omi lórí òkúta. Èmi tí mo fi ilé-ìwé sílẹ̀ ní kíláàsì kẹta, gbogbo rẹ̀ yé mi kedere!

Ará Ṣáínà ní, “Ṣé o ti jẹun?”

Mo ní, “Rárá o, kí lẹ sè?”

Ó ní ìkíni lásán ni, kì í ṣe ìpè sídìí oúnjẹ. Ìkejì ní, “Kí Ọlọ́run wà pẹ̀lú rẹ.” Mo ní, “Àmín.” Ó mi orí, ó ní èsì gbọ́dọ̀ ju ìkíni lọ.

Àbẹ̀kẹ́ pariwo, “Bàbá Ṣadé, ọ̀fun ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́n láéláé! Ẹ sọ pé ẹ ti yó. Fún ìkejì, ẹ fi Màríà kún Ọlọ́run, ẹ ní kí àwọn méjèèjì wà pẹ̀lú rẹ̀!”

Bí mo ṣe la ẹnu báyìí, àkùkọ rẹ kọ. Mo jí tomijé-tomijé.

Ṣùgbọ́n mo ti mọ èsì méjèèjì wàyí. Mo ń padà sórí ẹní. Lámídì, lọ de àkùkọ yẹn lẹ́nu.